Ìbọn Tó Há Lójú Fèrèsé

Ìbọn náà kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Dúrótoyè tún gbé e wò lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó fi àtàńpàkò ti àgbá kékeré tó máa ń yí láàárín ìbọn ìléwọ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí kátíríìjì mẹ́fà máa ń gbé. Àgbá náà kò mì. Kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì, kò sì ṣeé fà síta. Ìbọn ayé àwọn òyìnbó ni. Igi ọwọ́ rẹ̀ ti dán bíi ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fi òòlù gbá a díẹ̀," Kọ́púrà Ọláwuyì wí. Òun ló gbé ìbọn náà wá láti Oǹdó ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ebi sì ti ń pa á.

"Bí eyín bá ń dun ìyá rẹ, ṣé òòlù lo máa fi yọ ọ́?"

Kọ́púrà rẹ́rìn-ín. "Kíkà lásán la fẹ́ kà wọ́n, sà. Kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọta mélòó ló kù nínú ẹ̀. Ẹjọ́ yìí ti parí."

"Ta ló parí ẹ̀?"

"Ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn, sà. Ràṣídì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, télọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ilé Bàbá Adédèjì ló ti ń ránṣọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ará àdúgbò gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ lókè, wọ́n sáré gòkè, wọ́n bá bàbá náà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n bá télọ̀ tó dúró lórí wọn, ìbọn yìí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ tí bàbá náà ń pariwo pé, 'Ràṣídì, ìwọ lo máa pa mí!' Kí ló tún kù? Mọ́ńdè la máa gbé e lọ sí kóòtù."

"Ẹ̀sùn ìpànìyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Okùn ni wọ́n á fi kọ́ ọ."

Dúrótoyè tún gbé ìbọn náà súnmọ́ ojú. Kó tó di ọlọ́pàá, òun ló ń tọ́jú ìbọn àwọn ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé, ìbọn sì wà lára ohun díẹ̀ tó gbà pé kì í parọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ni wọ́n gbé e láti Ìbàdàn wá sí Àkúrẹ́. Olúwa ti mú ìyàwó rẹ̀ lọ ní ọdún tó ṣáájú. Ilé ìjọba tí wọ́n fún un ní Ìjàpọ̀ ní yàrá mẹ́ta, ibùsùn kan ṣoṣo ló ní aṣọ lórí. Láràárọ̀ ló ń kọ ẹsẹ orin kan sókè kó tó jáde, kó lè mọ̀ pé ohùn òun ṣì wà.

"Ìbọn kì í há láìnídìí," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó lè jẹ́ ìpẹtà. Gbóòórùn rẹ̀ wò. Òróró tútù. Ẹni tó ni ín ń nù ún déédéé. Kì í ṣe ìpẹtà. Ó lè jẹ́ pé irin kan ti ṣẹ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òòlù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń lu kátíríìjì ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì há. Kí ló wá kù?"

"Àyà ìbọn náà ló le, sà."

"Ó ku ohun tí wọ́n kì sí i."

Ó ya ewé kan lára kàlẹ́ńdà ògiri, ó rọra kì í sí àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín iwájú àgbá náà àti ìdí ojú ìbọn. Ìwé náà wọlé ní apá òkè, ó wọlé ní apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ní apá òsì ó dúró. Ohun kan ti yọ orí jáde nínú ihò kan, ó sì ti gbé ejìká ti irin bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi igi há.

Dúrótoyè mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fi ń bó ọsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun náà díẹ̀díẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ níta. Kọ́púrà sùn díẹ̀, ó jí. Ohun tó ń jábọ́ sórí tábìlì kì í ṣe òjé tàbí bàbà. Ó dúdú, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì ní òórùn oyin.

"Ìda," Dúrótoyè wí. Ó tún gé e. Okùn pupa wínníwínní tẹ̀ lé ìda náà jáde. "Ìháhá ẹyìn sì rèé. Kọ́púrà, ta ló ń fi ìháhá ẹyìn sínú ìbọn òyìnbó?"

Kò pẹ́ tí àgbá náà fi sọ *kẹ́ẹ̀*, tó ṣí. Wọ́n da kátíríìjì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì. Ọ̀kan ti dún, òfìfo ló kù. Márùn-ún ṣì wà lódindi, ṣùgbọ́n kò sí ọta ní orí èyíkéyìí nínú wọn. Ibi tó yẹ kí ọta jókòó sí, ìháhá ni wọ́n kì dí i, wọ́n sì fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́ pa.

Kọ́púrà fọwọ́ gba orí. "Ìbọn wo lèyí?"

"Èyí tó lè pariwo, tí kò lè pa eṣinṣin."

"Àwọn márùn-ún tó kù nìyẹn, sà!" Kọ́púrà ta kìjí. "Èyí tó dún, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun ló ní ọta. Télọ̀ yẹn gbọ́n. Ó lè jẹ́ òun ló dọ́gbọ́n ki àwọn yòókù bẹ́ẹ̀ kó lè rú wa lójú."

"Ó dára. Jẹ́ ká bi ìbọn."

Dúrótoyè so aṣọ funfun mọ́ irin gígùn, ó fi gba inú ojú ìbọn kọjá. Èéfín dúdú ló fi jáde, àti ìháhá tó jóná, àti ìda. Ó gbé aṣọ náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Kò sí ipa òjé kankan lára rẹ̀, kò sí ti bàbà. Ọta kò gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti nù ún kẹ́yìn.

"Dókítà yọ ohun kan lára òkú náà, àbí kò yọ ọ́?"

"Ó yọ ọ́, sà. Ó wà nínú fáìlì." Kọ́púrà tú àpò ìwé kékeré kan jáde. "N kò ṣí i. Ọta ni ọta."

Ègé irin ni Dúrótoyè dà sí àtẹ́lẹwọ́, irin gígé, ó nípọn tó ìka tó kéré jù lọ́wọ́. Ó gbé e sí ẹnu ìbọn ìléwọ́ náà. Kò wọlé. Ó yí i, ó tún gbìyànjú. Ó jókòó sórí ihò náà bí ọmọrí ìkòkò.

Nígbà tí Kọ́púrà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "A ti lu ọmọkùnrin yẹn díẹ̀, sà."

"Lọ wa ọkọ̀ Láńdírófà wá," Dúrótoyè wí.

*

Wọ́n dé Oǹdó ní ọ̀sán gangan. Ràṣídì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì nínú túbú, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó tín-ín-rín. Ojú rẹ̀ kan ti wú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan ṣì wà ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ níbi tí àwọn ọlọ́pàá kò rí i. Dúrótoyè lé gbogbo ènìyàn jáde àyàfi Kọ́púrà, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Wọ́n ní ìwọ àti Bàbá jà."

"A jà, sà. Mo ní mo fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ti ń darúgbó. Bàbá bá pariwo pé èmi ni màá pa àwọn."

"Kí ló dé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ràṣídì wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni, sà. Àwa méjèèjì la jọ máa ń jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́fà rèé. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọ kan tí wọ́n bí náà ti kú. Bí mo bá ti ń kírun, wọ́n á fi àwo bo oúnjẹ títí màá fi parí. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà tiwọn, èmi náà á dúró. Wọ́n ní tí mo bá lọ, ọ̀nà ọ̀fun àwọn á dí."

"Kí ló dé tí o kò sọ èyí fún ọlọ́pàá?"

"Ìdí tí mo fi pa wọ́n ni wọ́n ń bi mí, sà. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá mo pa wọ́n."

Kọ́púrà Ọláwuyì yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ń bi ọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀?"

"Òkú Alàgbà Adébùsóyè ló ń kọjá lọ sí ibojì, sà. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni wọ́n, látìgbà tí wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní kékeré. Bàbá kò lè lọ síbi ìsìnkú, orókún wọn kò lè gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Èmi wà nísàlẹ̀, mò ń lẹ ọwọ́ ẹ̀wù kan. Mo gbọ́ ìbọn lókè orí mi, díẹ̀ ló kù kí n fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Ìbọn dún lójú títì náà, nítorí wọ́n ń yìnbọn ìsìnkú. Lẹ́yìn náà, nǹkan wó lulẹ̀ lókè. Mo sáré. Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ìbọn wà lábẹ́ apá wọn. Mo yọ ọ́ kúrò kó má baà gún wọn."

"Kó má baà gún wọn?"

"Mo rò pé wọ́n ṣì wà láàyè, sà."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Dúrótoyè tẹ̀ síwájú. "Ta ló ki kátíríìjì wọnnì?"

"N kò mọ kátíríìjì, sà. Ní ọjọ́ kejì ìjà wa, Bàbá gbé agolo kan fún mi pé kí n gbé e fún Bàbá Akíndùró, alágbẹ̀dẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ gbà á padà. N kò ṣí i. Bàbá kì í fẹ́ ká ṣí nǹkan wọn."

*

Kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, Dúrótoyè àti Kọ́púrà gòkè lọ sí yàrá Bàbá Adédèjì. Àga onírọ̀gbọ̀kú kan kọjú sí fèrèsé. Aṣọ funfun tí bàbá náà wọ̀ fún ìsìnkú tí kò lè lọ ni wọ́n fi gbé e jáde, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí àga. Dúrótoyè jókòó síbẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀. Ojú títì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, ó sì súnmọ́ débi pé ó lè ka iye bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀wù obìnrin kan tó ń kọjá.

"Dókítà sọ bí ọta náà ṣe wọlé?" ó bèèrè.

"Ó ní ó ń lọ sókè, sà. Láti ìhà, sókè. A rò pé télọ̀ kúnlẹ̀ ni."

"O rò pé apànìyàn kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ pa."

"Ọ̀gá, nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ báyìí, ojú ń tì mí."

*

Bàbá Akíndùró ń fi ẹwìrì fínná nígbà tí wọ́n dé. Àgbàlagbà ni, apá rẹ̀ ṣì dà bí gbòǹgbò ìrókò. Ilẹ̀ alágbẹ̀dẹ náà kún fún ègé irin. Kọ́púrà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fi wé èyí tó wà nínú àpò ìwé. Bákan náà ni wọ́n rí.

"Ọ̀gá! A ti mú un!" Ó fa ìdè ọwọ́ jáde.

Alágbẹ̀dẹ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ọ? Èmi ni mò ń gé ọta fún gbogbo ọdẹ tó wà ní Oǹdó. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ní irin gígé nílé ni apànìyàn, túbú yín kò ní gbà wá."

"Ẹ má bínú sí i, Bàbá," Dúrótoyè wí. Ó gbé kátíríìjì márùn-ún náà sórí owú alágbẹ̀dẹ. "Ẹ mọ iṣẹ́ yìí?"

Ẹ̀rín náà kú lójú àgbàlagbà náà. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Adédèjì ló ní òun fẹ́ yìnbọn fún ọ̀rẹ́ òun láti ojú fèrèsé. Mẹ́fà ló fẹ́. Ó ní ọgọ́ta ọdún làwọn fi ṣọ̀rẹ́, kí ọdún mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ní ìbọn tirẹ̀. Mo bu ẹ̀tù sí i, mo fi ìháhá kì í, mo fi ìda dé e lórí kí ọ̀rinrin má wọ̀ ọ́. Bí a ṣe ń ki ìbọn ṣakabùlà fún òkú àgbà láti ayé bàbá mi nìyẹn. N kò mọ ti òyìnbó."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún, Bàbá. Iná àkọ́kọ́ yọ́ ìda tó wà ní ihò kejì, ìháhá tì jáde, ó sì há àgbá náà."

"Ẹ̀ẹ̀kan?" Alágbẹ̀dẹ jókòó sórí àpótí. "Mo rò pé ó yin gbogbo ẹ̀ kó tó kú. Gbèsè ìbọn márùn-ún wà lọ́rùn mi nìyẹn."

Ó fi ọwọ́ ẹwìrì sílẹ̀. Ẹwìrì rọ fúnra rẹ̀.

"Àwọn wo ló ń yìnbọn lójú títì lọ́jọ́ náà?" Dúrótoyè bèèrè.

"Ọdẹ méjì. Pẹ̀lú àkọ́bí Adébùsóyè, Tíṣà Adékúnlé. Mẹ́ta."

"Ní ẹ̀bá ibojì ńkọ́? Ìbọn mélòó ló dún?"

Alágbẹ̀dẹ ronú. "Méjì. Tíṣà kò yìn mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ló yìn, lábẹ́ fèrèsé Adédèjì níbẹ̀ yẹn, ó sì gbé ìbọn náà fún àbúrò rẹ̀. Ó ní ó ti gbá òun léjìká."

"Ìbọn ta ló gbé?"

"Ti bàbá rẹ̀. Ó ti wà lára ògiri láti ìgbà tí àìsàn ti dá Adébùsóyè dúró lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ."

"Bàbá, ìbọn tí kò ní ju ẹ̀tù àti ìháhá lọ, ṣé ó máa ń gbá ènìyàn débi pé kò ní lè yìn ín mọ́?"

Àgbàlagbà náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó mú ègé irin náà lọ́wọ́ Kọ́púrà, ó wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó mọ̀. "Ọdẹ kì í gbé ìbọn òfìfo kọ́ ògiri," ó wí níkẹyìn. "Ẹni tó bá fẹ́ ki ìbọn, ọ̀pá ló kọ́kọ́ máa ń tì bọ inú ẹ̀, kó wò ó bóyá nǹkan ti wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Adékúnlé... ilé ìwé ni wọ́n gbé e lọ."

*

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Dúrótoyè wa ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìjù, níbi tí Tíṣà Adékúnlé ti ń kọ́ni. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, bàtà lọ́wọ́ nítorí ẹrẹ̀. Wọ́n ń juwọ́ sí i, òun náà ń jù ú padà. Ó ti jí kọrin ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n kò rí ẹni gbe ohùn kejì.

Tíṣà Adékúnlé kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìwé, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kún iwájú rẹ̀, kò sàmì sí ọ̀kankan. Nígbà tó rí àlejò, ó dìde, ó fi ọwọ́ òsì fa àga. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò ní ìhà rẹ̀.

"Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdárò bàbá yín," Dúrótoyè wí. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ti wá.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jókòó. N kò ní nǹkan tí mo lè fi ṣe yín lálejò."

"Ejìká yín ńkọ́?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀."

Dúrótoyè gbé ègé irin náà jáde, ó fi í sórí ìwé àwọn ọmọ náà. Kò sọ ohun tó jẹ́. "Tíṣà, nígbà tí ẹ fẹ́ ki ìbọn bàbá yín ní Ọjọ́bọ̀, ṣé ẹ fi ọ̀pá wo inú rẹ̀?"

"Ọ̀pá wo, sà?"

Ní kété tó sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ yí padà. Dúrótoyè rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé, bí omi tó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn. Tíṣà na ìka kan sí irin náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá mi ló kì í," ó wí. "Bàbá mi ló fi èyí sínú ẹ̀, kó tó ṣàìsàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rí Bàbá Adédèjì, sà. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi láti ojú fèrèsé. Mo gbé ojú ìbọn sókè láti fi dá wọn lóhùn, mo fà á. Ó gbá mi ṣubú lu ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo máa wòkè, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé wọ́n ti jókòó ni. Gbogbo ènìyàn ń kọrin. A kọjá."

"Ìgbà wo lẹ gbọ́?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ní télọ̀ ti pa wọ́n. Mo sọ fún ara mi pé télọ̀ ló pa wọ́n. Mo sọ ọ́ títí di òwúrọ̀. Ní Fúráìdè mo sá wá síbí." Ó fi ọwọ́ òsì bo ojú. "Mo ń dúró de ẹni tó máa wá bi mí."

"Ẹnì kan wà nínú túbú ní Oǹdó tó ń dúró de yín."

Tíṣà gbójú sókè. Agogo ilé ìwé kékeré kan so mọ́ orí fèrèsé, atẹ́gùn ń mì ín, kò dún.

"Bí n kò bá wá ńkọ́, sà? Ṣé irin yìí kò tó?"

Dúrótoyè lè parọ́ fún un. Ó rò ó wò. "Irin kò lè búra ní kóòtù. Agbẹjọ́rò ìjọba á ní télọ̀ ní ìbọn kejì tó ti gbé sọ nù. Ó ṣeé ṣe kí adájọ́ gbà wá gbọ́, ó sì ṣeé ṣe kó má gbà wá gbọ́. Tí ẹ bá wá, ẹ̀sùn yín kì í ṣe ti ìpànìyàn. Àìkíyèsára ni. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín pé kò ní dùn yín."

"Ìyá mi ṣì wà nínú aṣọ dúdú. Wọ́n á wá gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ wọn àti ìbọn ọkọ wọn ló pa Bàbá Adédèjì. Bàbá Adédèjì ni bàbá ìrìbọmi mi, sà. Àwọn ló gbé mi lọ́wọ́."

Dúrótoyè fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn. Àwọn ọ̀rọ̀ ìyànjú pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ inú ìwé orin. Kò lo ọ̀kankan. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá wà nínú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti sọ gbogbo wọn fún ara rẹ̀ tán. Ó kàn jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà Adékúnlé kó ìwé àwọn ọmọ náà jọ, ó tò wọ́n, ó fi wọ́n sí ibi tí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ á ti rí wọn. Ó dé fìlà. "Ẹ fi ìdè sí mi lọ́wọ́, sà."

"Ejìká ń dùn yín," Dúrótoyè wí, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn kò gbé Ràṣídì lọ sí kóòtù. Wọ́n ṣí túbú fún un kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Tíṣà Adékúnlé ti sọ tẹnu rẹ̀, ó ti fọwọ́ sí i, ó sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ti rí Ràṣídì báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú gbogbo ọlọ́pàá, òun tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

Ràṣídì fò sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà! Ẹ dìde. Ẹ má kó èèwọ̀ bá mi."

"Mo jẹ́ kí o sùn síbẹ̀ ní òru mẹ́rin."

"Mo mọ iye rẹ̀, sà. Mo kà á." Ràṣídì kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fa Tíṣà dìde ní ọwọ́ òsì, níbi tí kò dùn ún. Ó wá yíjú sí Dúrótoyè. "Ọ̀gá, Bàbá dà?"

Dúrótoyè wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti tú ìbọn, ó ti tú ẹjọ́, kò tíì bèèrè ibi tí òkú wà.

Ilé ìgbókùú-sí ọsibítù ni wọ́n ti bá Bàbá Adédèjì. Akọ̀wé kan jókòó síbẹ̀, ó ní ìwé ńlá níwájú, obìnrin tó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́, tí kò ní sùúrù fún àṣẹ ọlọ́pàá. Ó wo ọlọ́pàá méjì, tíṣà kan àti télọ̀ kan láti òkè délẹ̀.

"Ọjọ́ márùn-ún rèé, ẹnikẹ́ni kò wá. Mo fẹ́ kọ ọ́ mọ́ àwọn òkú tí ìjọba máa sin. Ta ló ni òkú?"

Kọ́púrà Ọláwuyì wo bàtà ara rẹ̀. Tíṣà Adékúnlé yíjú sí Ràṣídì. Dúrótoyè fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé bàbá náà kò ní ọmọ láyé mọ́.

"Èmi ni mo ni wọ́n," Ràṣídì wí.

Obìnrin náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Ó fi gègé tọ́ka sí pósí pákó kan lẹ́bàá ògiri. "Ẹni mẹ́rin ló ń gbé e. N kò ní òṣìṣẹ́ lónìí."

Ràṣídì lọ síbi orí. Tíṣà lọ sí apá òdìkejì rẹ̀, ó fi ejìká òsì sábẹ́ ẹ. Kọ́púrà mú ìdí kan. Igun kẹrin ṣófo, gbogbo wọn sì dúró, kò sí ẹni tó wo ẹnì kejì.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Dúrótoyè bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé ńlá obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti gbé.